Èwo Nínú Ìyípadà?

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Gíga.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìkíni la fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo mọ̀, èmi gan-an ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó kí ọ: má ì tíì wọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé gáréèjì ni awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá ti bá ọ, gbé àpò rẹ sílẹ̀, jókòó lé e lórí, kí o kà á dé ìsàlẹ̀. Bí o bá kà á tán tó ṣì ń wù ọ́ láti wọkọ̀, wọ̀ ọ́. Mi ò ní fa aṣọ rẹ ya.

Ó dáa, mo kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ara le? Egungun èjìká rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn bí òjò bá ṣú? Ọ̀gá rẹ ní ilé ìránṣọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi sísọ́ọ̀sì halẹ̀ mọ́ oníbàárà tó bá ní aṣọ ò gba òun? Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, bí mi ò tilẹ̀ tíì fojú kàn wọ́n rí. Ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ tó ń húkọ́ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwa níbí, a wà láàyè. Màmá wa ń jẹun, wọ́n sì ń bú mi, nítorí náà ara wọn le.

Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ń sá kúrò lórí ìlà bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀pá. Ìdí tó fi jẹ́ ọwọ́ òsì, wàá kà á níwájú. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù mi ti bá iná lọ, bí kò bá sì bá iná lọ, mi ò ní pè ọ́ náà. Fóònù ló dá wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, inú ìwé ló yẹ kó wà, kí ẹni tí kò yé lè padà sókè kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Olùkọ́ ìṣirò ilé ìwé wa ti jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní Bàbá Kékeré pè ọ́, wọ́n ní iná iṣẹ́ jó ọkọ rẹ, ó wà ní ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ ló ń pè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àti pé ó ti yí padà. O ti di ẹrù rẹ. O wá ní kí wọ́n bi mí, ṣé lóòótọ́ ló ti yí padà, nítorí pé èmi ò ní tàn ọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wàá wá. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá tú ẹrù náà. Àbúrò mi, ẹrù tí o gbé lé mi lórí wúwo ju èyí tí o dì lọ. Mi ò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè tí mo bi àwọn àgbà ilé wa ni màá fi dáhùn: èwo nínú ìyípadà?

Má rẹ́rìn-ín. Mo ti ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí pé Tíṣà ti tún dé. Ìgbà tí ò ń gbé lọ́dọ̀ mi, o rántí pé orí tábìlì ìdáná ni mo ti máa ń fi àbẹ́là kọ́ ọ, tí ìwọ á máa fi ìka kó èyí tó ro sílẹ̀, tí wàá máa rọ ọ́ ní ẹyẹ dípò kí o gbọ́ ohun tí mò ń wí. Tẹ́tí sí i lónìí.

Gbogbo nǹkan tó wà láyé ló ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí padà yàtọ̀ síra. Ọ̀kan wà tí nǹkan á pààrọ̀ ìrísí tí kò ní pààrọ̀ ohun tó jẹ́. Omi á dì, á le bí òkúta, o lè fi fọ́ ènìyàn lórí. Gbé e sínú oòrùn, omi náà nìyẹn. Iyọ̀ á yòrò sínú omi, o ò ní rí i mọ́, wàá rò pé ó ti kú. Gbé omi náà ka iná títí á fi gbẹ, iyọ̀ á jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, á máa wò ọ́. Èkejì ni èyí tí nǹkan á di nǹkan mìíràn pátápátá. Igi jó, ó di eérú àti èéfín. Kò sí bàbá ẹni tó lè kó eérú jọ kó di igi. Irin ń dógùn-ún, wàrà ń kan, ẹyin tí o bá sì ti dín, kò sí adìẹ tó máa sàba lé e. Àbẹ́là yẹn ń ṣe méjèèjì pọ̀. Èyí tó ń ro sílẹ̀ tí o fi ń rọ ẹyẹ, àbẹ́là ṣì ni. Èyí tí iná jẹ ti lọ ní tirẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣì mú lọ́dọọdún, àwọn àgbà ilé wa náà sì ń ṣì í mú. Wọ́n rò pé ìyípadà tó bá pariwo ló jinlẹ̀. Rárá o. Irin kì í pariwo bó bá ń dógùn-ún. Ẹ fi ariwo sílẹ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lù ọ́, ìdérí ìkòkò ló fi gbá ọ lójú, torí o ní kó fọwọ́ kó tó jẹun. Ilẹ̀ mọ́, ó dé sí pálọ̀ Màmá, ó sunkún títí ikun fi ń dà sí i láyà. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀, wo ikun náà, wọ́n ní ó ti yí padà. O padà sílé. Ó tún fi ọ́ ṣe bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìnkùlé, o bí òkú ọmọ, ẹkún tún dé, ìyípadà tún dé, o tún padà sílé. Ìgbà tó wá fi ẹ̀mú tó fi ń gbé irin gbígbóná dá ọ léjìká, tí egungun yọrí láti inú awọ, o ò dúró de ẹkún mọ́. Láti ilé ìwòsàn lo ti gba gáréèjì lọ. Bàbá Kékeré ní sùúrù lo ò ní, pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Mo ní kí wọ́n bùn mí ní ewé náà, kí n fi omi ṣàn án, ká jọ wò ó bóyá kì í ṣe ewé. Wọ́n ní ìwé ti bà mí jẹ́. Òótọ́ ni, ó bà mí jẹ́, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó tún mi ṣe.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí o lọ, ọkọ rẹ di ẹni jẹ́jẹ́. Ó ń ru èédú wá fún Màmá. Ó kun ilé yín lọ́dà funfun, ó kun fèrèsé pàápàá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ìkòkò alumíníọ̀mù kékeré kan fún Màmá, ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe dígí. Bí mo bá ń kọjá níbi iṣẹ́ rẹ̀, á bọ́ fìlà, á ní, Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Èmi fúnra mi dúró wò ó lọ́jọ́ kan, mo ní hẹ̀n-ẹ́n, àbí lóòótọ́ ni? Ohun tó ń ko mí lóminú ni pé kò sí ohun kan tó gbóná nítòsí rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. O ò sí nílé, ta ni yóò já a ní koro? Yìnyín tó bá wà nínú fírísà, òun náà lè máa pe ara rẹ̀ ní òkúta.

Ìgbà yẹn lo wá pe Màmá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé ọ̀rọ̀ rẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ń bẹ̀ ọ́, wọ́n ní ọkọ rẹ ti yí padà. Ìwọ náà dáhùn pé kí wọ́n bá ọ sọ fún un pé ìwọ náà ti yí padà. Èmi mọ ohun tí o ní lọ́kàn. O ní lọ́kàn pé ẹni tó máa ń há sábẹ́ tábìlì tó ń bẹ̀bẹ̀ yẹn ti kú, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n etí ìyá ni Màmá fi gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ pé o ti ṣẹ́rí padà, pé o ti wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ju fóònù sórí ibùsùn, wọ́n bọ́ síta láìwọ bàtà, wọ́n ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Ọmọ mi ti yí padà, ó ń bọ̀ wálé!" Kí n tó ti ilé ìwé dé, ọ̀rọ̀ ti dé etí ọkọ rẹ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ fá irùngbọ̀n. Ó wọ kóòtù tó fi gbé ọ níyàwó, èyí tí ikùn rẹ̀ ti yọ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó gbé ìkòkò tuntun kan sábẹ́ abíyá, ó gba gáréèjì lọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ló ń yọjú sí. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ bá a yọ̀, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní bóyá ọkọ̀ òfúrufú ni ìyàwó rẹ̀ ń bá bọ̀. Kò bínú, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín ni. Lọ́sàn-án, ó kúrò níbẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ, ó ní bó bá dé kí wọ́n mú un wá bá òun, kó lè rí i pé òun ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán yẹn náà ni mo pè ọ́ láti yàrá olùkọ́ láti bi ọ́ ibi tí ọkọ̀ yín dé. O bi mí pé ọkọ̀ wo. Mo sáré délé, mo sọ fún Màmá, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní ta ni yóò lọ sọ fún un? Bàbá Kékeré wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàdédé rántí pé àwọn ní ìpàdé. Inú bí mi dé ibi tó fi pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní èmi á lọ. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

O mọ ibi iṣẹ́ náà. Òrùlé páànù tí èéfín ti kùn ní dúdú, òkìtì férémù fèrèsé àti àlòkù ìkòkò ní igun, iyanrìn tútù tí wọ́n tẹ àwòrán ìkòkò sí, iléru láàárín. Bàbá Ẹwìrì nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, arúgbó tó ń fẹ́ná yẹn, tó máa ń fi súìtì pa mọ́ fún ọ nínú àpò àyà. Alumíníọ̀mù ti yọ́ nínú ìkòkò irin lórí iná, ó funfun, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́. Ọkọ rẹ dúró tì í pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn. Bó ṣe rí mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá o wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́. Mo ní àṣìgbọ́ ni, Màmá ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, o ò bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un sọ, Àǹtí."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ kò ga rárá, mo sì tún un sọ, torí mo rò pé kò gbọ́ ni.

Ìkòkò tuntun yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi lu òpó títí ó fi tẹ́ pẹlẹbẹ. Ó fi ẹsẹ̀ tú gbogbo iyanrìn tí wọ́n ti tẹ́ láti àárọ̀. Ó ń bú ọ, àwọn orúkọ tó pè ọ́, mi ò ní kọ wọ́n sínú ìwé tí owó mi ra. Mo ní kó sinmi, ó gbá mi létí, awò ojú mi fò, gbogbo nǹkan di kùrukùru. Ó tún gbá mi lójú. Mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ló wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì. Bàbá Ẹwìrì dìde lórí àpótí, wọ́n ní kó fi obìnrin sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ojú wọn. Ó fa ẹ̀mú yọ, ẹ̀mú kan náà, Àbúrò mi, ó fi gbá arúgbó náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ sínú èédú, wọn ò ké, wọ́n ń wo eyín tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí kò pé.

Mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Tíṣà, èmi tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ má jà. Mo gé e jẹ lọ́rùn, mo sì dì í mú pẹ̀lú eyín, inú mi dùn nígbà tí mo tọ́ iyọ̀ ara rẹ̀ wò, mi ò ní purọ́. Ó gbọ̀n mí dànù, mo fi ẹ̀yìn lu òkìtì àlòkù. Ó ní nítorí rẹ ni òun ṣe dá ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí rẹ ni òun á ṣe pa iná rẹ̀. Ó gbé korobá omi tí wọ́n fi ń rin iyanrìn. Bàbá Ẹwìrì rí i. Ẹnu wọn ò ṣeé sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́. Èmi náà mọ ohun tó máa tẹ̀lé e, mo kígbe pé kó má dà á. Ó da odidi korobá náà sínú irin tó yọ́.

Òrùlé ṣí. Omi tó bá bọ́ sábẹ́ irin tó yọ́ kì í ráyè hó bí omi tíì. Á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ooru náà á sì béèrè àyè tó ju ti korobá lọ fíìfíì, á wá ju gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ dànù láti rí àyè náà. Irin funfun rọ̀ lé wa lórí. Ó já sí ọkọ rẹ láyà àti ní ọwọ́ méjèèjì, kóòtù náà gbaná. Èmi gbé ọwọ́ ọ̀tún bojú, ó sì bò mí láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ó lẹ̀ mọ́ mi. Mo ń wò ó bó ṣe ń dì lára mi, mo gbóòórùn ẹran tó ń jó, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni ẹran náà.

Bàbá Ẹwìrì ló fà wá jáde, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń fì. Wọ́n fa èmi, wọ́n sì padà lọ fa òun náà. Èyí ni iná iṣẹ́ tí Bàbá Kékeré sọ fún ọ.

Kí n kọ́ ọ ní ìyókù ẹ̀kọ́ náà, torí orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rò ó. Ariwo yẹn, tó ṣí òrùlé, tó jẹ́ kí gbogbo òpópónà sá, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju omi tó di ooru lọ. Ìyípadà ti yìnyín àti iyọ̀ ni. Ooru yẹn ti tutù níbìkan, ó ti di omi padà, bóyá ó tilẹ̀ wà nínú korobá ẹlòmíràn lónìí.

Ní wọ́ọ̀dù, ẹkún dé. Mo ti ń retí rẹ̀. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e láyà àti lọ́wọ́, omijé ń ṣàn sí etí rẹ̀ méjèèjì. Màmá jókòó tì mí. Bàbá Kékeré dúró tì í, ìpàdé wọn ti parí. Ọkọ rẹ ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún un pé mo ti yí padà. Iná ti kọ́ mi lọ́gbọ́n." Bàbá Kékeré ní ṣé mo gbọ́, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, kí n pè ọ́ kí o wá tọ́jú ọkọ rẹ, kí n má sì sọ bí iná náà ṣe ṣẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Èwo nínú ìyípadà, sà?" Wọ́n bojú wo òkè. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi wá pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò ṣeé gbé, ló bá fi ẹsẹ̀ ta ọmọ náà níkùn, ọmọ náà fi orí gbá ògiri, àwo oògùn dà sílẹ̀. Omijé ìrònúpìwàdà ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì gbẹ.

Màmá rí i. Wọ́n dìde, wọ́n bá nọ́ọ̀sì náà ṣa oògùn nílẹ̀, wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìkòkò tó ń dán bíi dígí yẹn ti wà ní òkìtì ìdọ̀tí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n tú báńdéèjì mi wò, wọ́n tún un dì, wọ́n wá ní, "Má jẹ́ kó wá." Àbúrò mi, Màmá wa tó ń dá ọ padà sí ilé ọkọ láti ọjọ́ yìí wá! Kò sí ariwo kankan. Mo mọ ìyípadà bí mo bá rí i.

Mo kọjá níbi iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn oníṣẹ́ tó kù ti ha gbogbo alumíníọ̀mù tó fọ́n ká kúrò lára ògiri àti òpó, wọ́n ti yọ́ ọ, wọ́n ti dà á. Ìkòkò ni wọ́n fi ṣe, wọ́n tò ó síta fún títà. Ó dán. Mo gbé ọ̀kan, mo yí i sọ́tùn-ún sósì, kò sí àmì kankan lára rẹ̀ pé ó ti fò mọ́ ènìyàn rí. Ohun tó jẹ́ lánàá ló jẹ́ lónìí. Gbé e sínú iléru, á tún yọ́. Da omi sí i, á tún pa ọ́.

Lánàá, dókítà tú báńdéèjì ọwọ́ mi fún ìgbà ìkẹyìn. Mo rò pé mo ti múra sílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ́n, ó ki, ó ń dán bí ọ̀rá, kò ní irun, kò ní ìlà. Mo bi dókítà pé ìgbà wo ni á padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ní ìka mi á tún gbá ṣọ́ọ̀kì mú bí mo bá ń nà án dáadáa, ṣùgbọ́n awọ yẹn ti lọ, òmíràn ló rọ́pò rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Irin ti padà di ìkòkò. Ọwọ́ mi ò ní padà di ọwọ́ mi.

Ìdáhùn mi nìyí, nítorí náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ rẹ ti yí padà. Ìgbà gbogbo ló ń yí padà. Á yọ́, á dì, á hó, á tutù, òun náà ni. Bàbá Kékeré ò purọ́ fún ọ, àfi pé wọn ò sọ èwo. Ìwọ náà sọ fún Màmá pé o ti yí padà, mo sì gbà ọ́ gbọ́, torí mo gbọ́ ohùn rẹ nígbà tí o bi mí pé ọkọ̀ wo. Iná kan náà tó ń sọ igi di eérú ló ń sọ ìyẹ̀fun di búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun lo jẹ́ nígbà tó gbé ọ níyàwó, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn ló ń gbé ọ lọ. Búrẹ́dì ni ọ́ wàyí. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ di ìyẹ̀fun mọ́, bó ti wù kó sunkún tó. Ṣùgbọ́n wọ́n lè jẹ ọ́ tán o, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Mo ti fi ọwọ́ òsì yìí kọ ohun tí ojú mi rí fún ọlọ́pàá. Bàbá Kékeré ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ilé sì tutù pẹ̀sẹ̀. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní òtútù ń mú níbẹ̀ yẹn, kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀. Bá mi kí ọ̀gá rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n pọ́n sísọ́ọ̀sì náà dáadáa. Bàbá Ẹwìrì náà kí ọ. Wọ́n ti fi wáyà so ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi sitírọ́ọ̀ fà mu. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìwọ ni mo fẹ́ kọ̀wé sí, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì mú un dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi ní mo ti gbọ́.

Tú ẹrù rẹ, ọmọ ìyá mi. Ìwọ tó ti yí padà, má yí padà.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń fi ọwọ́ kan gbá ọ mọ́ra,
                                        Tíṣà.